Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ìpàdé régbérégbé wa, ẹgbẹ́ àwa ojúgbà, ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó yẹ kó dá lórí aṣọ Ojúde Ọba, ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ ikú bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé. Ó ní àwọn aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ti dìbò pé kí dókítà lè fún aláìsàn tí kò ní pẹ́ kú ní oògùn tí yóò fi pa ara rẹ̀. Ó ní ọ̀làjú nìyẹn, ìgbà wo ni tiwa ó dé? Kí n tó yanu, àwọn kan ti ń mi orí. Ẹnìkan ní “ikú yá ju ẹ̀sín,” wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ara mi gbóná.

Àwọn àgbà wa ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kò sẹ́ni tí mo ní láti là á yé: ẹni tí orí ń fọ́, àgbo ni à ń bá a wá, a kì í bá a wá àdá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí, nítorí ará Lọ́ńdọ̀nù wa ò sọ ọ́ tán. Ní 29 Oṣù Kọkànlá 2024, 330 nínú àwọn aṣòfin ilé ìgbìmọ̀ kékeré wọn fara mọ́ ọn, 275 kọ̀. Nígbà tó di 20 Oṣù Kẹfà 2025, wọ́n tún dìbò: 314 sí 291. Bí wọ́n ṣe ń rò ó sí i ni àlàfo ń dín kù. Kò sì di òfin lọ́jọ́ náà, ilé àwọn Lọ́ọ̀dù, ilé ìgbìmọ̀ àgbà wọn, ṣì wà níwájú. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé aláìsàn gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18, kó jẹ́ ẹni tí wọ́n retí pé yóò kú láàárín oṣù mẹ́fà, kí dókítà méjì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìgbìmọ̀ tí amòfin, dókítà ọpọlọ àti òṣìṣẹ́ wẹ́fíà wà nínú rẹ̀ sì tún gbé e yẹ̀ wò.

Dókítà méjì! Níbí, tí dókítà kan ń sáré láàárín wọ́ọ̀dù bí ẹni tí ajá ń lé, nítorí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti já pa lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn kan náà. Ìgbìmọ̀ wo sì ni? Ní Ìjẹ̀bú tí ọmọ bàbá kan ti ń pe ara wọn lẹ́jọ́ lórí ilẹ̀ nígbà tí bàbá ṣì ń mí, ẹ fẹ́ gbé ìwé ikú lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kó bá bàbá rẹ̀ tẹ̀ka sí i?

Ẹ má sì tan ara yín nípa òfin tiwa. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò níhà gúúsù ní ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti pa ara rẹ̀, ẹ̀ka 326 ni. Ẹ̀ka 327 ń fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan halẹ̀ mọ́ ẹni tó gbìyànjú rẹ̀ tí kò kú. Ìyẹn náà kò tẹ́ mi lọ́rùn: ẹni tí ayé sú tó bẹ́ẹ̀, dókítà ló yẹ kó rí, kì í ṣe ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn ni tìyẹn.

Ohun tó bí mi nínú ní ìpàdé ni pé kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tó ń mú aláìsàn tọrọ ikú. Ní Oregon l'Amẹ́ríkà, ará ìlú dìbò fún irú òfin yìí ní 1994, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 1997, ìjọba wọn sì ń kọ ìdí tí àwọn aláìsàn ń sọ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Ìrora kọ́ ló máa ń ṣáájú. Wọn a ní àwọn ò lè dá ara àwọn ṣe nǹkan mọ́, ohun tó ń dùn mọ́ àwọn ò ṣe é ṣe mọ́, iyì ti ń lọ. Ọ̀pọ̀ a tún ní àwọn ò fẹ́ di ẹrù sí ẹbí lọ́rùn. Nítorí náà, ẹni tó ń pa òwe ikú yá ju ẹ̀sín, ẹ bá mi bi í: ta ló ń fi ìyá tí kò lè dìde ṣẹ̀sín? Ṣé kì í ṣe àwa ọmọ tí à ń yínmú sí i nígbà tó bá tọ̀ sára?

Tiwa tilẹ̀ burú ju ti Oregon lọ, nítorí ìrora gan-an kò tíì rí oògùn níbí. Ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn oníṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ṣírò ní 2017 pé mọ́fíìn, oògùn tó ń pa ìrora líle, tó ń dé ọwọ́ aláìsàn ní Nàìjíríà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí wọ́n nílò. Oògùn tí wọ́n lè pò mọ́ omi fún ènìyàn mu, tí kò wọ́n! Ùgáńdà tí a rò pé a lọ́lá jù ti gba àwọn nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ láyè láti kọ ọ́ fún aláìsàn láti 2004. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pariwo ìtọ́jú irú àwọn aláìsàn yìí tipẹ́. Ta ló ń gbọ́?

Mo mọ ìyá kan tó ń ta gààrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Jẹjẹrẹ ọmú ló mú un, ó sì ti jẹ ẹ́ dé egungun. Parasitamọ́ọ̀ ni wọ́n ń fún un. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ni ó ń bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní nǹkan tí òun yóò fi lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń sunkún, pásítọ̀ ń lé ẹ̀mí ikú. Nọ́ọ̀sì kan tó mọ̀nà Ìbàdàn ló padà bá wọn ṣètò mọ́fíìn. Ìyá sùn. Nígbà tó jí, kò mẹ́nu ba ikú mọ́. Obìnrin kan tó jẹ ẹ́ lówó gààrí ni ó ní kí wọ́n lọ pè wá, ó sì gba owó rẹ̀ kó tó kú. Ìjẹ̀bú ni ìyá.

Mi ò ní parọ́, àìsàn kan wà tí mọ́fíìn kò ká, mi ò sì ní dá ẹni tó wà nínú irú rẹ̀ lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ní ìpàdé wa.

Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn kò sunwọ̀n láàyè. Òwe yìí gan-an ló bá wa wí, àwa Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Bàbá tí wọn kò rí owó àyẹ̀wò fún ní Ṣàgámù, ẹ ó rí màlúù níbi òkú rẹ̀. Ẹ ó rí kánópì dí ojú títì, ẹ ó rí ọ̀dà tuntun lára ilé tó ń jò lé e lórí nígbà tó wà láàyè. (Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ ń sin òkú yín kíákíá lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ti jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù fídáù ọjọ́ kẹjọ yín rí.) Lẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kó ránṣẹ́ láti òkè òkun tó owó ìtọ́jú odindi ọdún kan. Irú àwa yìí ló fẹ́ òfin tí yóò mú kí ọjọ́ ìnáwó yá!

Ẹni tó ní aláìsàn nílé, kó gbé ọ̀rọ̀ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tì ná. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, owó aṣọ ẹbí tí ẹ ń tú jọ, ẹ fi ránṣẹ́ báyìí tí ìyá ṣì lè gbé ọbẹ̀ mì. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ pín ọjọ́ tí ẹ ó máa wẹ̀ ẹ́, kí ẹ má sọ ọ́ di iṣẹ́ ìyàwó kékeré. Ẹ yé pe oògùn ìrora ní oògùn olóró létí rẹ̀. Ẹni tó ń kú lọ kò ní di ọmọ ìta. Bí wọ́n bá sì sọ fún yín nílé ìwòsàn pé kò sí mọ́fíìn, ẹ má wulẹ̀ sọ pé “Ọlọ́run á ṣe é” kí ẹ yí padà. Ẹ bèèrè ẹni tó ń ṣètò oògùn níbẹ̀, kí ẹ lọ jókòó sẹ́nu ọ́fíìsì rẹ̀, kí ẹ sì pa irú ariwo tí ẹ máa ń pa mọ́ oníkánópì tó bá pẹ́ dé.