Ìwé Ẹ̀rí Kọ́ Ló Ń Dáàbò Bo Iná Mànàmáná

Òfin ti wà o. NIS2, òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù tó fìdí múlẹ̀ lọ́dún 2023, ti là á mọ́lẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ iná, omi, epo tàbí ìlera tí àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì bá ṣe lọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ ta ìjọba lólobó láàárín wákàtí 24, kó sì ṣàlàyé síwájú sí i kí wákàtí 72 tó pé. Owó ìtanràn àwọn tó tóbi jù nínú wọn lè tó mílíọ̀nù 10 yúrò, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. A fara mọ́ ọn. Ohun tí a kò fara mọ́ ni bí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀ lé irú òfin bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ojú ayé ni. Wọn á háyà agbaninímọ̀ràn, òun á kọ ìwé ràbàtà, ọ̀gá á buwọ́ lù ú, ó di inú kọ́bọ́ọ̀dù. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ń tẹ̀ lé òfin á béèrè pé: ṣé ẹ ń tọ́jú ẹ̀dà ìsọfúnni yín síbòmíràn? Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó máa béèrè ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn bóyá ẹ̀dà ọ̀hún ṣeé lò.

Ẹ wo Colonial Pipeline, tó ń gbé nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún epo tí etíkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ń lò. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, páásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì fi wọlé sí wọn lára: àkáǹtì àtijọ́ tí wọn kò lò mọ́, tí wọn kò sì tì pa. Ọ̀pá epo dúró fún ọjọ́ bíi mélòó kan, àwọn ọlọ́kọ̀ tò sílé epo, ilé-iṣẹ́ náà sì san bítíkọ́ìnì 75, ìyẹn owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, fún àwọn ọ̀daràn náà bí owó ìtúsílẹ̀. Irú ihò bẹ́ẹ̀ kì í hàn nínú fọ́ọ̀mù. Olùbẹ̀wò tó bá yọ sí wọn lójijì, tó gba orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tó ti kúrò, tó sì ń yẹ àkáǹtì wọn wò níkọ̀ọ̀kan, ló lè rí i. Iṣẹ́ náà kò le, ó kàn ń súni ni.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ní àwíjàre kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń darí omi lè ti lo 20 ọdún, wọn ò sì lè ṣàdédé pa á láti tún un ṣe, torí omi ìlú á dáwọ́ dúró. Kí òfin gbà wọ́n láyè, bí wọ́n bá ti yà á kúrò lára íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Ní Ukraine, ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, àwọn òṣìṣẹ́ iná ń wòran bí máòsì ṣe ń rìn fúnra rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, tó ń pa iná ibùdó kan tẹ̀ lé òmíràn. Íméèlì tí ẹnì kan ti ṣí ní oṣù mélòó kan ṣáájú ló gbé ọ̀tá wọlé. Nǹkan bí oníbàárà 225,000 ló bára wọn nínú òkùnkùn. Síbẹ̀, láàárín wákàtí mélòó kan iná ti padà, torí àwọn òṣìṣẹ́ wakọ̀ lọ sí àwọn ibùdó náà, wọ́n sì fọwọ́ tan án.

Mélòó nínú àwọn tó ń fi ìwé ẹ̀rí yangàn lónìí ló ṣì ní òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe? Kí ìwé ẹ̀rí kankan tó jáde, kí àwọn aláṣẹ pa kọ̀ǹpútà ìdarí ní apá kan ilé-iṣẹ́ náà, kí olùbẹ̀wò àti ọ̀gá àgbà jọ dúró síbẹ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ fọwọ́ darí ẹ̀rọ. Bí wọn kò bá lè ṣe é, kí àwọn aláṣẹ má ṣe fún wọn ní ìwé ẹ̀rí.