Ìbẹ̀rù Kọ́ Ló Yẹ Kó Bá Wa Dìbò: Èrò Ọkàn Mi Lórí Àbá 3 ní California

Nínú ìbò oṣù Kọkànlá ọdún 2024, àbá òfin mẹ́wàá ni ìpínlẹ̀ California gbé síwájú àwọn olùdìbò, ṣùgbọ́n láàárín àwa ọmọ Yorùbá tí a jọ ń jọ́sìn, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń lé oorun lójú ènìyàn. Àbá 3 ni, èyí tó ń bèèrè bóyá kí á yọ gbólóhùn kan kúrò nínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà, gbólóhùn tó ní ìgbéyàwó láàárín ọkùnrin àti obìnrin nìkan ni California mọ̀ ní ìgbéyàwó. Àwọn tí kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan lórí owó ilé tàbí owó oṣù tó kéré jù, tí àwọn náà wà lórí ìwé ìdìbò kan náà, ló ń fa ènìyàn sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn pé, "Ẹ̀gbọ́n, èwo lẹ fẹ́ mú níbẹ̀?"

Mo mọ ohun tó ń já wọn láyà. Ọ̀rọ̀ tí àwọn kan gbà sílẹ̀ ní ohùn, tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ káàkiri lórí WhatsApp, ni pé bí Àbá 3 bá wọlé, pásítọ̀ tó bá kọ̀ láti so ọkùnrin méjì pọ̀ yóò rojọ́ ní kóòtù, àti pé ẹ̀gbọ́n yóò lè fẹ́ àbúrò. Ìfòyà mìíràn tún wà tí ẹnu kì í fẹ́ sọ jáde: bí wọ́n bá gbọ́ nílé ńkọ́? Láti oṣù Kìíní ọdún 2014 ni òfin Nàìjíríà ti ní kí ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ lọ fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá jura, ẹni tó sì ti ilẹ̀ tí òfin ti rí báyìí wá kò lè ṣàdédé jókòó síwájú ìwé ìdìbò kí ọwọ́ rẹ̀ má gbọ̀n. Ìkọ̀kọ̀ ni a ti ń dìbò lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí màmá ẹni bá pè láti Ìjẹ̀bú, tí wọ́n bi ọmọ wọn léèrè, irọ́ pípa fún ìyá kò rọrùn.

Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní California dájọ́ pé ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì lè fẹ́ ara wọn, nǹkan bí 18,000 irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ sì wáyé kí oṣù Kọkànlá tó wọlé. Ọjọ́ tí wọ́n dìbò yan Obama gan-an ni wọ́n dìbò lórí Àbá 8, tó fẹ́ fi gbólóhùn tí mo sọ lókè yẹn sínú ìwé òfin, kó lè fòpin sí i. Owó tí ìhà méjèèjì ná lé ní mílíọ̀nù 80 dọ́là. Nínú ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n kan, ọmọdébìnrin kan ti ilé ìwé dé, ó sì ń fi ìdùnnú sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun kọ́ lónìí pé ọmọ ọba ọkùnrin lè fẹ́ ọmọ ọba ọkùnrin, ìyá náà sì dákẹ́, ojú rẹ̀ yí padà. Ojú ìyá yẹn ni wọ́n fẹ́ kí a rí. Èyí tó tún wá da orí àwọn ènìyàn rú ni pé ẹni tó bá mú "Bẹ́ẹ̀ni" ló ń fi òfin de ìgbéyàwó náà, ẹni tó sì fẹ́ kó máa wáyé ní láti mú "Bẹ́ẹ̀kọ́".

"Bẹ́ẹ̀ni" ló borí pẹ̀lú ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń nàka sí àwa aláwọ̀ dúdú, nítorí ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́nu ọ̀nà ibùdó ìdìbò ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún wa ló mú "Bẹ́ẹ̀ni". Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé kò tó 60, àmọ́ ẹ̀bi ti balẹ̀ sọ́rùn wa ná. Mo rántí èyí nítorí pé ó wà lára ohun tó ń dẹ́rù bà wá títí di òní: bí a bá dìbò báyìí, ilé á bínú, bí a bá dìbò bẹ́ẹ̀, àdúgbò á bínú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín, ẹ̀yin ará mi. Ta ni nínú wa tí kò mọ̀ pé ìgbéyàwó kì í ṣe ẹyọ kan? A ń ṣe ìdána, níbi tí ẹbí ti ń gba ẹrù tí wọ́n sì ń fi ọmọ fún ọkọ. A ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kí wọ́n súre fún wa. A tún ń lọ sí kóòtù lọ fọwọ́ sí ìwé. Àwọn mìíràn ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oṣù á sì wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Bàbá ìyàwó tí kò rí ẹrù ìdána gbà kò ní torí ìwé kóòtù sọ pé ọmọ òun ti lọ sílé ọkọ, bẹ́ẹ̀ ni akọ̀wé kóòtù kò bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni gbé iṣu wá. Ti kóòtù nìkan ni Àbá 3 dá lé. Òfin tí California ṣe ní ọdún 2012 ti sọ ọ́ gbangba pé a kò lè fi ipá mú òjíṣẹ́ Ọlọ́run láti ṣe ìgbéyàwó tó lòdì sí ìgbàgbọ́ rẹ̀, Àbá 3 kò sì fọwọ́ kan ìyẹn. Ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọ́n ń pariwo lé lórí, ọ́fíìsì tó ń ṣàlàyé àwọn àbá fún olùdìbò ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́sọ́nà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé wa pé kò sí ìyípadà nínú ẹni tó lè gbéyàwó. Ìwé ńlá ni ìwé náà, mo gbà, àmọ́ ti Àbá 3 kò gùn.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an ní ìfòyà tiwọn, tèmi sì ni pé tiwọn ní ìdí ju tiwa lọ. Láti ọdún 2013 ni gbólóhùn Àbá 8 kò ti lágbára mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú ìwé òfin títí di ìbò 2024 bí òkú tí a kò tíì sin. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Amẹ́ríkà fìdí ìgbéyàwó wọn múlẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2015. Nígbà tó di 2022, tí ilé ẹjọ́ kan náà fagi lé ẹ̀tọ́ sí oyún ṣíṣẹ́, Adájọ́ Clarence Thomas kọ ọ́ pé ó yẹ kí wọ́n tún ìdájọ́ 2015 náà gbé yẹ̀ wò. Ẹni tó ti ń bá ẹnìkejì rẹ̀ gbé láti ọdún pípẹ́, tí wọ́n jọ ra ilé, tí wọ́n jọ ń tọ́ ọmọ, kò lè ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó sùn fọnfọn.

Lójú tèmi, kò yẹ kí á máa gbé ilé onílé síwájú èrò láti dìbò lé lórí rárá. Ṣùgbọ́n ohun tí olùdìbò bá kọ sínú ìwé òfin California, olùdìbò nìkan ló lè yọ ọ́, nítorí náà mo mú "Bẹ́ẹ̀ni". Èmi pẹ̀lú ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún ni, àbá náà sì wọlé. Ìgbàgbọ́ mi nípa ohun tí ìjọ ń pè ní ìgbéyàwó kò yí padà, kò sì sí ẹni tó ní kó yí padà.

Ìyá kan nínú ìjọ wa bi mí pé ṣé bí òun kò bá mú ọ̀kan nínú méjèèjì, ìwé ìdìbò òun kò ní bàjẹ́. Kò ní bàjẹ́, mọ́mì. Wọ́n á ka gbogbo èyí tí ẹ mú, wọ́n á sì fo èyí tí ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, n kò sì bá wọn jà. Ó sàn fún mi kí ènìyàn fi àyè sílẹ̀ ju kó tẹ̀ lé ohùn tí kò mọ ẹni tó gbà á sílẹ̀ lọ.