Gbogbo Lexus kọ́ ni Camry

Ẹ dé Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ nílùú Èkó, lónìí, ẹ ní ẹ ń wá ẹ̀yà ara Lexus. Kò ní pẹ́ tẹ́nì kan á fi sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, Toyota náà ni, ti Camry máa wọ̀ ọ́." Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì gbà bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ náà sì gbà bẹ́ẹ̀: pé ńṣe ni wọ́n mú Toyota, wọ́n pààrọ̀ àmì iwájú rẹ̀, wọ́n wá bu owó lé e. Òótọ́ ni pé Toyota ló ni Lexus pátápátá. Ìyókù ọ̀rọ̀ yẹn ló ń ná àwọn èèyàn lówó. Ọmọ ìyá kan náà kì í ṣáà wọ bàtà kan náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti fẹ́ẹ̀ jóòótọ́ jù. Lexus ES 350 ti 2007 àti Camry ọdún yẹn, èyí tí à ń pè ní Muscle, orí ìpìlẹ̀ kan náà ni wọ́n kọ́ wọn lé. Ẹ́ńjìnì ES náà, 2GR-FE oní líta 3.5, wà nínú Camry V6, ìyẹn oní-plug mẹ́fà. Àmọ́ ọ̀pọ̀ Muscle tó ń rìn ní títì wa, plug mẹ́rin ni, líta 2.4, 2AZ-FE. Ẹni tó bá lọ ra gíà ọkọ̀ yẹn wá fún ES ti fowó ṣòfò. Ẹ ò rí i pé àárín àwọn tó bára tan gan-an pàápàá, ó yẹ kéèyàn bèèrè dáadáa.

Lexus IS 250 ńkọ́? Orí ìpìlẹ̀ Camry kọ́ ni wọ́n kọ́ ọ lé. Táyà iwájú ló ń fa Camry. Ti IS, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í, àfi àwọn kan tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnì rẹ̀, 4GR-FSE, máa ń wọ́n epo tààrà sínú ibi tó ti ń jóná, ìdí sì nìyẹn tí ìdọ̀tí dúdú fi máa ń dì mọ́ fáàfù rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni Toyota Mark X, tí wọn ò tà ní Amẹ́ríkà rí.

Lexus LS ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "wọ́n kàn pààrọ̀ àmì" yẹn máa dùn mí. Ní 1983, Eiji Toyoda tó jẹ́ alága Toyota ní kí àwọn ẹnjiníà òun ṣe ọkọ̀ tó lè kojú èyí tó dára jù láyé. Wọn ò mú Toyota kankan tó ti wà nílẹ̀ tún ṣe. Wọ́n ná ohun tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là, wọ́n ṣe ọkọ̀ ìdánwò tó tó 450, wọ́n sì ṣe ẹ́ńjìnì V8 (oní-plug mẹ́jọ) tuntun, 1UZ-FE, kí LS 400 tó jáde ní 1989. Iṣẹ́ àwọn èèyàn yẹn kọjá àmì iwájú ọkọ̀. Ní Japan, Toyota Celsior ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà, torí Lexus kò bẹ̀rẹ̀ sí í tajà níbẹ̀ títí di 2005.

Àwọn tó ń sọ pé Lexus ò bá Toyota tan rárá náà ṣì í o. Lexus LX 570, Land Cruiser ti Toyota ni. Lexus GX 470, Prado ti Toyota ni.

Èyí tó tiẹ̀ máa yà yín lẹ́nu ni Pontiac Vibe. General Motors (GM), iléeṣẹ́ ọkọ̀ ti Amẹ́ríkà, ló ni Pontiac, kì í ṣe Toyota. Síbẹ̀, Fremont ní California, ní iléeṣẹ́ tí GM àti Toyota jọ dá sílẹ̀, ni wọ́n ti ṣe Vibe, orí ìpìlẹ̀ kan náà pẹ̀lú Toyota Matrix. Ẹ́ńjìnì líta 1.8 tó wà nínú Corolla ló wà nínú Vibe àkọ́kọ́. Ẹ̀yà ara Matrix lè wọ ọkọ̀ tí kò jẹ́ Toyota lórúkọ, síbẹ̀ kò ní wọ LS tó jẹ́ ti Toyota.

Nọ́ńbà ara ẹrù ni kẹ́ ẹ máa wò. Àwọn ẹ̀yà ara ojúlówó ti Toyota àti ti Lexus, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà kọ nọ́ńbà wọn. Márùn-ún àkọ́kọ́ ń sọ irú ohun tó jẹ́. 04465, bí àpẹẹrẹ, ni páàdì bíréèkì iwájú. Èyí tó tẹ̀ lé e ló ń sọ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe é fún. Ẹ kọ nọ́ńbà ti ara èyí tẹ́ ẹ tú sílẹ̀, kẹ́ ẹ mú un dání lọ sọ́jà. Bó bá bára mu délẹ̀, ẹ rà á, ì báà jẹ́ inú páálí Toyota ló wà. Bí kò bá bára mu, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣàlàyé ìdí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.