Ta ni yóò ra dátà fún akẹ́kọ̀ọ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di orin lẹ́nu àwọn aláṣẹ yunifásítì wa: pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò fẹ́ ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, pé eré nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n fi fóònù ṣe. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń fi fóònù tajà, tó ń fi gbowó, tó ń ti orí YouTube kọ́ṣẹ́, ẹ̀rọ kì í bà á lẹ́rù.

Ẹ dé Àgbowó, lọ́wọ́ iwájú Yunifásítì Ìbàdàn, lọ́jọ́ tí iná bá ti lọ láti àná. Ibi tí wọ́n á ti ṣáájì fóònù ni àwọn ọmọ ń wá kiri. Olùkọ́ ti ní kíláàsì wà lórí Zoom láago mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ kíláàsì wákàtí kan ṣoṣo lè jẹ dátà tó ju ìdajì gígábáìtì lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i kí àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi tó ìdá 50 nínú 100 lé owó ìpè àti dátà wọn. Ọmọ tó ń ṣírò owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan, èwo ni kó kọ́kọ́ rà?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, tí Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Èkó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí lẹ́yìn kòrónà àti ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ASUU, gbogbo wa fara dà á, torí pàjáwìrì ni. Pàjáwìrì ọ̀hún ti kọjá.

Láti ọdún 1989 ni onímọ̀ kan, Fred Davis, ti ṣàlàyé pé ohun méjì lèèyàn máa ń wò kó tó gba ẹ̀rọ tuntun: ṣé yóò wúlò fún mi, ṣé kò sì ní nira láti lò? Olùkọ́ tó da PDF ogójì ojú ewé sórí WhatsApp, tí kò dáhùn ìbéèrè kankan títí ìdánwò fi dé, òun gan-an ló kọ́ ọmọ pé ẹ̀kọ́ náà kò wúlò. Ó dùn wá láti sọ ọ́, torí a mọ̀ pé owó dátà olùkọ́ náà, àpò ara rẹ̀ ló ti ń jáde.

Ní Gúúsù Áfíríkà lọ́dún 2020, ìjọba ṣètò dátà olóṣooṣù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba ń ràn lọ́wọ́: 10GB fún ọ̀sán, 20GB fún òru. A kò béèrè tó ìyẹn. Kí NCC pe àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ jókòó, kí wíwọ ojú òpó yunifásítì má máa jẹ dátà. Kí olùkọ́ gba ohùn ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kí ọmọ lè gbà á sórí fóònù lóru nígbà tí dátà bá dínwó. Kí yàrá ìkàwé kan, ó kéré tán, máa fi iná oòrùn ṣiṣẹ́ mọ́jú.

Títí ìyẹn yóò fi ṣẹlẹ̀, kí yunifásítì kankan má ṣe fi òfin wíwá sí kíláàsì ìdá 75 nínú 100 lé ọmọ kúrò nínú ìdánwò nítorí kíláàsì Zoom tí kò rí dátà wọ̀.