Táyà Ẹlẹ́rẹ̀ Lórí Títì Ọlọ́dà

Etí mi ti rí Hilux ẹ̀gbọ́n mi kí ojú mi tó rí i. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni, mo jókòó síwájú ilé wa ní Bárígà, mo ń fi àkàrà mu ẹ̀kọ, ni mo bá ń gbọ́ hùùùùù láti ìkángun àdúgbò, bí ìgbà tí ẹ̀rọ ìlọta bá ń ṣiṣẹ́ láìsí ata nínú rẹ̀. Ìyá tó ń lọta ní ọ̀ọ́kán wa fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó na ọrùn. Ó rò pé ẹnì kan ti gbé ẹ̀rọ tuntun wọ àdúgbò láti wá gba oníbàárà òun. Kò pẹ́ ni mọ́tò yọ ní kọ̀nà, ó ga bí ilé alájà, ó dúró síwájú ilé wa, ariwo náà sì dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n fò sílẹ̀ bí ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀pẹ. Ìyàwó wa tó wọ léèsì, tó so gèlè, kò lè fò ní tiẹ̀. Ọmọ wọn ọkùnrin ló kọ́kọ́ bọ́ọ́lẹ̀, ó fa àpótí ìdáná kékeré kan yọ lábẹ́ ìjókòó, ó gbé e sílẹ̀ fún màmá rẹ̀, màmá sì ń fi ẹsẹ̀ kan wá àpótí bí ẹni tó fẹ́ wọ odò lóru.

"Àbúrò, wo ẹsẹ̀ mọ́tò." Kò tíì dáhùn kíkí tí mo kí i o.

Mo wo ẹsẹ̀ mọ́tò. Táyà M/T ni, èyí tí àwa lè pè ní táyà ẹlẹ́rẹ̀. Eyín rẹ̀ rí gbàǹgbà-gbàǹgbà bí eyín màlúù, àlàfo tó wà láàárín eyín kan sí èkejì gba àtàǹpàkò mi, ó sì tún kù. Òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta há sí ọ̀kan nínú àlàfo náà. Ìyẹn nìkan ni nǹkan tó jọ oko lára mọ́tò náà.

Àrùn yìí ti ń ràn kiri Èkó. Nígbà kan, ríìmù tó ń dán ni ọ̀rọ̀ wà. Lẹ́yìn náà ó kan gíláàsì dúdú, ó tún kan nọ́ńbà tí wọ́n kọ oyè sí. Ní báyìí, táyà ni. Ọmọkùnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà ní Yábàá láti àárọ̀ dalẹ́, mọ́tò tó ń gbé e débi kọ̀ǹpútà wọ bàtà ẹni tó ń la igbó. Lọ́yà tí kò mọ ọ̀nà míì ju Sùúrùlérè sí kóòtù Ìkẹjà, táyà rẹ̀ ń wá àfọ̀ tí yóò kó sí. Wọ́n jọ ẹni tó di ìhámọ́ra ọdẹ, tó gbé ìbọn kọ́ èjìká, tó de iná mọ́rí, tó wá lọ dúró níwájú ìyá ẹlẹ́ran lọ́jà Mushin pé kó wọn ẹran ìgbẹ́ fún òun.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa ọ̀nà tí wọ́n ń rìn. Ẹ̀gbọ́n ń gba Third Mainland Bridge lọ síbi iṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó lójoojúmọ́. Afárá yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12, láti 1990 tí wọ́n ti ṣí i parí, kọnkéré àti ọ̀dà ni. Ẹrẹ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ wà nísàlẹ̀ ọ̀sà, kí Ọlọ́run má sì jẹ́ kí táyà ẹnì kankan nínú wa kàn án.

Kí ni wọ́n ṣe táyà yìí fún gan-an? Ẹrẹ̀ tó jinlẹ̀ ni. Nígbà tí ó bá ń yí nínú àfọ̀, ẹrẹ̀ á wọ àárín eyín rẹ̀, bó ṣe ń yí ni yóò máa ju ẹrẹ̀ náà dànù, kí eyín lè tún rí nǹkan tuntun bù jẹ. Ọgbọ́n ńlá ni. Àwọn tó ń kó gẹdú nínú igbó Òǹdó, tàbí tó ń kó kòkó jáde lóko Ìdànrè lásìkò òjò, mo mọ̀ pé wọn ò ní fi irú rẹ̀ ṣeré. Ṣùgbọ́n lórí títì ọlọ́dà, eyín yẹn ò rí nǹkan jẹ. Ó ń gbá ọ̀dà lọ́kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ ń há sáàárín wọn, ó ń bú jáde, ìyẹn ni hùùùù tí ìyá ọlọ́ta gbọ́. Bí òjò bá tún rọ̀ sórí ọ̀dà, rọ́bà tó ń fọwọ́ kan ilẹ̀ kò pọ̀, nítorí pé àlàfo ló pọ̀ jù lára táyà, mọ́tò kì í sì í tètè dúró tí èèyàn bá tẹ bíréèkì. Ẹni tó ra táyà nítorí òjò ló wá yẹ kó bẹ̀rù òjò jù.

Èmi náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ yìí, nítorí èmi ni mo bá a lọ rà á ní ọjà Ládípọ̀, ní Mushin.

Ẹni tó ń ta táyà gbé A/T jáde fún wa lákọ̀ọ́kọ́, ìyẹn táyà tó wà láàárín méjì: eyín rẹ̀ le ju ti táyà títì lọ, kò sì pariwo tó ti ẹlẹ́rẹ̀. Tí èèyàn bá ń lọ wo ilẹ̀ tàbí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, òun ló tó o. Mo rí àwòrán kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òkè olórí mẹ́ta tí yìnyín wà láàárín rẹ̀. Àmì pé wọ́n ti dán táyà náà wò lórí yìnyín, tí ó sì dì í mú, nìyẹn. Nínú yìnyín, ní Mushin. Mo bi ọkùnrin náà pé kí ni iṣẹ́ àmì yẹn.

"Ti ọyẹ́ ni, ọ̀gá. Bí ọyẹ́ ṣe wù kó fẹ́ tó, kò ní sán."

Ẹ̀gbọ́n mi orí. Àmọ́ kò ra A/T. Ó ní ojú rẹ̀ tutù jù. Ó bèèrè èyí tó le jù lọ, ọkùnrin náà sì wò ó láti òkè délẹ̀, ó rí ṣéènì, ó rí aago ọwọ́, ó wọlé lọ gbé M/T wá. "Èyí ni tàwọn ọ̀gá. A/T yẹn, àwọn tíṣà ló ń rà á." Tíṣà ni mí. Mo gbé ojú sókè, mo ń wo òrùlé.

Táyà tí Hilux náà gbé wá láti iléeṣẹ́ jẹ́ 265/65R17, ó wà nínú ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í kà. 265 ni bó ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà, 65 ni ìdá nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi ga, 17 sì ni ríìmù ní íńṣì. Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n wọ 285/70R17 fún òun. Mo mú fóònù, mo ṣírò ó níbẹ̀. Gbogbo làálàá yẹn, íńṣì kan péré ni mọ́tò fi ga sí i! Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi tún ki irin sábẹ́ sípíríìǹgì kó lè tó ohun tí àpótí ìdáná yóò máa bá rìn. Aago mọ́tò náà kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ti yí padà: bó bá ń sọ pé 100 ni ẹ̀gbọ́n ń sá, 107 ni ó ń sá gan-an. Bó bá sì yí ṣíárìn tán pátápátá láti pẹ̀yìn dà, táyà á máa họ abẹ́ mádígáàdì, kráà, kráà, bí ajá tó ń họ ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n ní ìró agbára nìyẹn.

Mo tún wá nọ́ńbà mẹ́rin tó máa ń wà ní ìparí ìlà tí wọ́n fi lẹ́tà DOT bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, nítorí òun ló ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe táyà. Mo rí 2319. Ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 nìyẹn. Táyà "tuntun", tí wọ́n fi nǹkan dúdú pa lára tó ń dán bí ọmọ tuntun. Mo na ìka sí i.

"Ọ̀gá tíṣà, táyà kì í gbó. Àwa èèyàn là ń gbó."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí, ó sì sanwó. Ó ti rò tẹ́lẹ̀ pé nọ́ńbà ọjà ni 2319. Nígbà tí Dunlop ṣì ń ṣe táyà ní Ìkẹjà níbí, kó tó di pé wọ́n dáwọ́ dúró ní 2008, ó ṣeé ṣe kéèyàn ra táyà tí kò tíì pé oṣù kan láyé. Ní báyìí tí ó ń ti òkèèrè wá, táyà míì ti ṣe ọjọ́ ìbí lẹ́ẹ̀mejì nínú ṣọ́ọ̀bù kó tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

"Tẹ́ń-páláì ni," ni ẹ̀gbọ́n ń wí fún gbogbo ẹni tó bá dúró. Táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn kó lè ru ẹrù wúwo ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹrù tí ẹ̀yìn Hilux yẹn tíì rù rí ni kúlà kan àti àga oníke mẹ́fà, lọ́jọ́ ìkómọ. Nítorí náà, gbogbo kòtò Bárígà ló ń jẹ́ ìdí wa níṣẹ́. Epo ńkọ́? Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, àwa tó kù ń fi ẹsẹ̀ ra iyọ̀ ní ìta. Ẹ̀gbọ́n ní tiẹ̀ lọ wọ irin àti rọ́bà wúwo fún mọ́tò tó ti ń mu epo bí ẹni mu omi.

Àmọ́ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni àárọ̀ Sátidé. Táyà náà ní lẹ́tà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀gbọ́n kì í sì í jẹ́ kí ọmọ ọ̀dọ̀ fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló ń jókòó sórí àpótí ìyàwó wa, tòun ti Omo nínú abọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Ó ń fọ lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ń fi ìka nù ún. Ó wá bọ́ sí eyín táyà, ó ń ki búrọ́ọ̀ṣì bọ àárín wọn. Mo ti ń rí i pé wọ́n ń fọ eyín láyé yìí. Mi ò rò pé màá rí ti táyà.

Bí òjò bá sì ṣú? Ẹ̀gbọ́n á pè mí lórí fóònù. "Àbúrò, ṣé omi wà ní Adéníji?" Bí mo bá ní ó wà, Hilux á dúró sílé, kèké ni yóò gbé ẹ̀gbọ́n lọ sí ibùdókọ̀. Dáńfó tí táyà rẹ̀ ti jẹ débi pé wáyà ń yọjú á máa gba inú omi kan náà kọjá, kọ́ńdọ́kítọ̀ á máa pe "Ọbáléndé! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!"

Ọjọ́ kan wá dé tí táyà rí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá a. Ìkómọ ni, lápá Ìlàjẹ ní Bárígà níbí, létí ọ̀sà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ní ìwọ̀n ilé mẹ́rin sí ilé ìkómọ, ọ̀dà tán, ẹrẹ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dúró. Ó wò ó. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ní kí ọmọ rẹ̀ máa ya fídíò.

Ó rìn tó ọ̀pá márùn-ún. Táyà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí yí lójú kan. Ẹ̀gbọ́n tẹ iná, ẹrẹ̀ sì fò sókè, ó bọ́ sórí àwọn obìnrin mẹ́ta tó wọ aṣọ ẹbí aláwọ̀ osàn tó ń fi etí ògiri rìn. Èpè tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà, mi ò lè kọ ọ́ síbí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká jò afẹ́fẹ́ táyà kúrò ní 45, kó wálẹ̀ sí bí 20, kó lè tẹ́ sílẹ̀ dáadáa."

"Ṣé o fẹ́ ba táyà mi jẹ́ ni?"

"Ó dáa. Ẹ yí i sí fóò-wíìlì nígbà yẹn."

Ó dákẹ́. Mo wo ẹ̀gbẹ́ jíà, mo wo abẹ́ ṣíárìn, mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń yí i. Ẹ̀gbọ́n wo ojú fèrèsé. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Tèmi ò ní ìyẹn. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń fà á. Èyí tó ní in wọ́n jù nígbà tí mo fẹ́ rà á."

Owó ẹsẹ̀ ló fi ra bàtà.

Kèké kan tó kó èrò mẹ́ta já wa sílẹ̀, ó kọjá. Ìyá ẹlẹ́ja kan ló wá gbà wá. Kò bèèrè A/T, kò bèèrè M/T. Ó ní ẹ̀yìn mọ́tò ló fúyẹ́ jù, ó pe àwọn ọmọkùnrin mẹ́jọ, ó ní kí mẹ́rin gun ẹ̀yìn lọ jókòó, kí mẹ́rin tó kù fi pákó há abẹ́ táyà, kí wọ́n sì máa tì. Wọ́n tì í, mọ́tò jáde. Wọ́n gbowó wọn. Ìyá náà gba tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó ní owó ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo bá ẹ̀gbọ́n lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fọ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́tà funfun ń tàn. Ọmọ tó ń fọ mọ́tò wá gbé ọṣẹ lọ síbi ilẹ̀kùn, níbi tí ẹrẹ̀ ti ta sí, ni ẹ̀gbọ́n bá ké mọ́ ọn.

"Fi ìyẹn sílẹ̀! Má fọwọ́ kàn án. Mo fẹ́ gbé e lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé."