Air fryer kọ́ ló máa dín owó gáàsì kù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ pé air fryer ni kí ẹni tó ń ṣọ́wó ná kọ́kọ́ rà, pé a ò ní nílò gáàsì mọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Ààrò kékeré tó ní fáànù ni. Adìyẹ dùn nínú ẹ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ kí là ń jẹ ní Ìjẹ̀bú? Ẹ da ewùrà tí ẹ rin fún ọ̀jọ̀jọ̀ sínú agbọ̀n rẹ̀ kí ẹ wò ó: ihò ìsàlẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ máa gbà jò lọ. Ti ìkọ́kọrẹ́ ò tiẹ̀ ṣeé sọ. Iná ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ń fa nǹkan bíi 1,500 wáàtì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ò lè gbé e.

Ẹ̀wà, ṣàkì àti ẹsẹ̀ màálù ló ń jẹ gáàsì wa. Pressure pot ni kí ẹ rà. Ó ń sé ooru mọ́nú títí omi á fi gbóná dé nǹkan bí 120°C dípò 100°C, ẹ̀wà tí ì bá lò ju wákàtí kan lọ á sì rọ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Ẹ má ṣáà bu ẹ̀wà kọjá ìdajì ìkòkò. Èèpo tó bá hó sókè lè dí ihò tí ooru ń gbà jáde. Ẹ sì yẹ rọ́bà ọmọrí wò kí ẹ tó dé e.