Ṣé Dandan Ni Kí Máníjà Tí Kò Kọ́ Ìṣirò Owó Lè Ka Ìwé Owó?

Alábòójútó Búrẹ́dì (Abẹ́òkúta): Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀gá tó ni ilé búrẹ́dì tí mo ń bójú tó ti pàṣẹ pé kí àwa máníjà ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ọjọ́ Sátidé mẹ́fà lọ kọ́ ìṣirò owó, èmi kò sì rí ìdí rẹ̀. Ìmọ̀ oúnjẹ ni mo kà ní yunifásítì. Iṣẹ́ mi ni kí búrẹ́dì wú, kí ó jáde lágogo márùn-ún ìdájí, kí ìjà má sì ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn tó ń po fúláwà. A ní oníṣirò owó tó ń gba owó oṣù. Bí èmi náà bá tún ń ṣírò owó, kí ni òun wá ń gba owó fún?

Oníṣirò Tó Ti Fẹ̀yìn Tì: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kíkọ owó kan sílẹ̀ ní ojú méjì, èyí tí Luca Pacioli, ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan, ṣàlàyé nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Venice ní ọdún 1494, iṣẹ́ tiwa ni, ẹ fi í sílẹ̀ fún wa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: búrẹ́dì mélòó ni ẹ̀ka yín gbọ́dọ̀ tà lóṣù kí ó tó jèrè náírà kan?

Alábòójútó Búrẹ́dì: Ohun tí mo mọ̀ ni pé à ń tà, sà. Ó máa ń tó 3,500 lóṣù, ₦1,000 ni ẹyọ kan, owó kì í sì í tán nínú akáùntì wa. Fúláwà, ṣúgà, bọ́tà, yíìsì, gáàsì àti ọ̀rá tí a fi ń dì í ń gba ₦650 lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Owó ilé, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, ti ọlọ́dẹ, àti iye tí wọ́n ń yọ lórí ààrò jẹ́ ₦1,400,000 lóṣù. Ọ̀gá máa ń ka iye yẹn sí wa létí ní gbogbo ìpàdé.

Oníṣirò Tó Ti Fẹ̀yìn Tì: Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ bó ti rí. Bí ẹ bá yọ ₦650 kúrò nínú ₦1,000, ₦350 ló ṣẹ́ kù lórí búrẹ́dì kan. ₦350 yẹn ni yóò máa san ₦1,400,000 díẹ̀díẹ̀, kò sì ní san án tán títí ẹ ó fi ta 4,000. 3,500 ni ẹ ń tà. ₦175,000 ni ẹ̀ka yín ń pàdánù lóṣooṣù, bó ti wù kí búrẹ́dì náà wú tó.

Alábòójútó Búrẹ́dì: Ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi, sà. Báwo ni ẹni tó ń pàdánù yóò ṣe máa rí owó ní báńkì? Àti pé nínú ₦1,400,000 yẹn, ₦100,000 jẹ́ owó tí wọ́n ní ààrò fi ń gbó: ₦6,000,000 ni wọ́n rà á, wọ́n sì pín in sí ọdún márùn-ún. Kò sí ẹni tó ń wá gba ₦100,000 kankan lọ́wọ́ wa. Owó orí ìwé lásán ni.

Máníjà Ilé Ìtajà (Òṣogbo): Ẹ má pè é ní owó orí ìwé lásán o. A ra fíríìjì ńlá kan kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, nígbà tí dọ́là kan ṣì wà ní nǹkan bí ₦460 ní ọjà ìjọba. Ó kú mọ́ wa lọ́wọ́ ní ọdún 2024, lẹ́yìn tí dọ́là ti fò kọjá ₦1,400, owó tí a sì ti ń yọ pamọ́ fún un kò ra ìdajì òmíràn. Lójú tèmi, iye tí àwọn oníṣirò ń yọ kéré jù, nítorí iye tí a ra nǹkan ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo iye tí a ó fi rọ́pò rẹ̀.

Oníṣirò Tó Ti Fẹ̀yìn Tì: Òótọ́ ni. Ibẹ̀ gan-an ni ìwé wa ti máa ń kùnà nígbà tí owó ìlú bá ń já wálẹ̀, n kò ní gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì dá ará Abẹ́òkúta lóhùn. Ṣé owó lọ́wọ́ ni ẹ fi ń ra fúláwà?

Alábòójútó Búrẹ́dì: Rárá, sà. Ẹni tó ń kó o fún wa máa ń fún wa ní ọgbọ̀n ọjọ́ kí a tó san.

Oníṣirò Tó Ti Fẹ̀yìn Tì: Owó rẹ̀ ni ẹ ń rí ní báńkì.

Mátírọ̀nì (Ìlọrin): Òdìkejì rẹ̀ ni tiwa. Ní ilé ìwòsàn aládàáni tí mo ń bójú tó, ìwé ń sọ pé a jèrè, bẹ́ẹ̀ ni à ń yá owó ra epo dísẹ́ẹ̀lì sí jẹnẹrétọ̀, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó yẹ kó sanwó ìtọ́jú àwọn aláìsàn máa ń dá owó wa dúró fún oṣù mẹ́ta. Mi ò lọ sí kíláàsì kankan. Mo sọ fún akọ̀wé owó pé kí ó máa gbé bébà kan ṣoṣo wá fún mi ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ó to àwọn tó jẹ wá lówó sí ọ̀wọ́ mẹ́ta: àwọn tí gbèsè wọn kò tíì pé ọgbọ̀n ọjọ́, àwọn tó ti kọjá rẹ̀, àti àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta. Ọ̀wọ́ kẹta ni èmi fúnra mi máa ń tẹ̀ láago kí n tó wọ wọ́ọ̀dù. Bébà yẹn wúlò fún mi ju Sátidé mẹ́fà lọ.

Ọmọ Ìyálọ́jà (Ìbàdàn): Ẹ̀ ń sọ ọ́ bí ẹni pé nǹkan tuntun ni. Ìyá mi tó ń ta aṣọ ní Gbági kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n kó tó ta ìgàn kan, ó ti mọ owó ọjà, ó ti mọ owó ọkọ̀, ó ti mọ owó àjọ, kì í sì í jẹ owó mọ́ èrè. Kí ló dé tí ẹni tó jáde yunifásítì kò fi lè mọ ìyẹn?

Máníjà Ilé Ìtajà: Ìyá yín ló ni owó, ara rẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n. Owó olówó ni èmi fi ń ṣòwò, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ọjà kan wà tí a ń rà ní ₦800, tí a ń tà ní ₦1,000. Mo ṣírò èrè rẹ̀ sí 25%. Nígbà tí Kérésì ń bọ̀, mo rò pé bí mo bá dín 25% kù, a kò ní jèrè, a kò sì ní pàdánù, àwọn oníbàárà yóò kàn fẹ́ràn wa sí i ni. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́ sára pátákó. 25% inú ₦1,000 jẹ́ ₦250, nítorí náà ₦750 ni a ń ta ohun tí a rà ní ₦800. ₦200 tí mo ń pè ní 25% owó tí a fi rà á, 20% péré ni nínú owó tí a ń tà á. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi kó ọjà náà tán, a tilẹ̀ ra mínírà fún àwọn òṣìṣẹ́.

Ọmọ Ìyálọ́jà: Ó mà ṣe o. Mo gbà fún yín níbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ọ̀gá púpọ̀ ló ń fi ìwé pamọ́ fún máníjà, tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ bá a wí ló máa ń gbọ́ iye. Kí ni ẹ̀kọ́ fẹ́ ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Oníṣirò Tó Ti Fẹ̀yìn Tì: Kò lè ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n bá sì fi Sátidé mẹ́fà náà kọ́ yín ní apá tí a ń kọ gbèsè sí àti apá tí a ń kọ owó sí, èmi náà yóò ní kí ẹ jókòó sílé. Iye tí ẹ̀ka yín gan-an ń rí àti èyí tó ń ná ni kí ẹ gbé lọ síbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ oníṣirò yín.

Alábòójútó Búrẹ́dì: Mo ti pè é, sà. Ó ní gbèsè fúláwà tó wà lọ́rùn ẹ̀ka wa ti di ₦1,900,000, pé ₦600,000 nínú rẹ̀ ti kọjá ọgbọ̀n ọjọ́, ó sì ti ń ga bẹ́ẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní òun ń fi í ránṣẹ́ sí mi ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Mo ṣí i wò báyìí: ojú ewé kejì ló wà.